Ọ̀dà Funfun ní Ilé Ìdáná Màmá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí aránṣọ yìí jẹ́, ẹ kàn fún un ní àga kó jókòó. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa fa òwú tó yọ létí tìmùtìmù yín, tí yóò máa fi ìka nu eruku orí tábìlì, kó tó dìde fùú bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ, láti lọ tún kọ́tìnì yín tó wọ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọwọ́-ò-dilẹ̀ láti kékeré. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà tó ń gbé aṣọ wá fún un kò mọ̀ pé ó ní òmíràn. Àwọn kan ní oríyìn ni, àwọn kan ní èébú ni. Èmi ò dá sí i.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó nídìí tí kò fi lè jókòó. Ìyá rẹ̀, opó tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, lọ kí àbúrò rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní ìlú kejì. Ẹ̀gbọ́n Ọwọ́-ò-dilẹ̀ ọkùnrin ló fi mọ́tò gbé ìyá náà lọ. Ọkùnrin yìí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ó sì máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan gbogbo kó tó gbé e mì. Lọ́jọ́ tó wá gbé Màmá, ó yọjú sí ilé ìdáná, ó bá aṣọ ìnuwọ́ tí iná ti jẹ ní ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì. Ó wo ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú. Ó fa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan, ìyẹn sì tẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Kíṣìnì tó ṣókùnkùn báyìí," ló wí fún àbúrò rẹ̀ nígbà tí Màmá ti jókòó sínú mọ́tò, "ọjọ́ kan ni Màmá máa dáná sun ara wọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo bá ń gbé wọn bọ̀, bí mo bá bá a báyìí, mi ò ní í sọ ẹrù wọn kalẹ̀. Ilé mi là ń lọ tààrà, ká sì wá ẹni tó máa háyà ilé yìí."

Ilé rẹ̀ dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, atẹ́gùn ń fẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ọmọlúàbí tí kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan ṣíbí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìgbà kan tí ibà dá Màmá dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ló lọ gbé fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì padà dé bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí kò rí sítáàṣì. "Wọ́n tọ́jú mi bí ẹyin," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹyin kì í dìde lọ se ìrẹsì." Ó di ilé ìdáná rẹ̀ mú bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń di ọmọ mú. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ mọ̀ pé bí wọ́n bá mú un kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní í pẹ́ tí yóò fi kú, àìrí-nǹkan-ṣe ni yóò sì pa á. Ó búra pé èyí kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú òun.

Owó tí wọ́n lè fi wó ilé ìdáná kí wọ́n tún un kọ́ kò sí níbì kankan. Ó pe káfíńtà àdúgbò. Ìyẹn gbọn kọ́bọ́ọ̀dù wò, ó pòṣé, ó ní àfi kí àwọn tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ta ló máa bi ẹni tó ń ta bàtà léèrè bóyá bàtà òun ti gbó? Òkùnkùn ni ẹ̀gbọ́n òun ń sọ, ó wí fún ara rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti mọ́lẹ̀, ẹjọ́ ti tán. Ló bá ká apá aṣọ sókè.

Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló kọ́kọ́ fi dojú kọ ọ̀rá tó ti dì mọ́ ògiri lẹ́yìn gáàsì. Ó fi ọ̀bẹ tí kò mú ha á, ó fi kànìnkànìn gbo ó, títí omi inú báàfù fi dúdú. Ó tú àwọn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó wọn sẹ́yìn ilé, ó fi sáńpépà ha wọ́n, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ó ti wọlé lọ fi símẹ́ǹtì funfun di àárín táìlì. Kí símẹ́ǹtì tó le, ó ti gun orí àga láti pààrọ̀ gílóòbù. Awọ tí ọkùnrin tó ń ṣe báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gé kù ló fi ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn, àkékù aṣọ tirẹ̀ ló sì fi rán kọ́tìnì. Ó jáde lọ tẹ ọ̀dà wò bóyá ó ti gbẹ. Àmì ìka rẹ̀ hàn sí i. Ó tún un kùn, ó lọ, ó bọ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé yín.

Pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, tí Màmá máa ń gé àlùbọ́sà lórí rẹ̀, tó sì máa ń po tíì níbẹ̀. Òróró àti ọjọ́ ti sọ ọ́ di dúdú. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀, torí pé igi gidi ni. Ṣùgbọ́n láàárín funfun gbogbo yẹn, ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù ní dúdú, ó sì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa gbà lọ. Ó ha á, ó kùn ún.

Ó wá ku àwọn pàǹtí kéékèèké. Òwú wà lọ́rùn àwọn ìgò tí Màmá ń kó nǹkan sí, òwú dúdú tí ọ̀rá ti mú le, tó ní kókó lára. Àbẹ́là ti kán sára ohun tí wọ́n ń yí láti tan gáàsì, ó sì gbẹ síbẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin náà ò sì lè ju nǹkan nù!" Ẹni tí kò sí nílé ló ń bá wí. Ó fi ọ̀bẹ ha àbẹ́là náà kúrò, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òwú. Ìka rẹ̀ kan kókó ẹyọ kan níbí, ó kan méjì lọ́hùn-ún, ó sì dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n ń pe òun lókèèrè. Àmọ́ ilẹ̀kùn ń dúró dè é níta. Ó kó òwú náà sínú àpò ìdọ̀tí, ó da ohun inú àwọn ìgò sínú àwọn ike tuntun onídèérí funfun tí kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ, ó sì kó àwọn ìgò tẹ̀ lé òwú.

Nígbà tí ọjọ́ Sọ́ńdè fi pé, ilé ìdáná náà ń tàn. Kò sí ohun tó kù ní ṣíṣe, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó nu síńkì tó ti gbẹ. Ó yí àwọn ike náà kí etí wọn lè dọ́gba. Ó dé ojú fèrèsé, ó padà, ó tún dé ibẹ̀. Ìgbà tí fèrè mọ́tò dún níta, àyà rẹ̀ já bí ti ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ya ẹnu. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó tì í, ó ṣí òmíràn. Ó fi ìka fa ògiri lẹ́yìn gáàsì, ó wo ìka náà, kò rí nǹkan kan.

"Ìwọ nìkan lo ṣe èyí?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló tún kù?"

"O káre." Ó gbá a léjìká. "Èmi ò ní ẹjọ́ mọ́. Màmá, ẹ ṣẹ́gun. Ẹ máa gbé ilé yín."

Inú Ọwọ́-ò-dilẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ohun tí kò dọ̀tí. Màmá ti dé lẹ́yìn wọn, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. Ó dojú kọ fèrèsé.

"Ó mà funfun o," ló wí.

"Ẹ wá po tíì fún wa, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ayọ̀ wí, "ká fi ṣí i."

"Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná, ọkọ mi. Ọ̀nà jìn."

"Tíì lásán! Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sẹ́ni tó mọ tíì pò bí yín."

Màmá wọlé. Ó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, ó gbé ike kan, ó fi ìka yí i lọ́rùn ká, ó gbé e kalẹ̀. Ó gbé òmíràn, ó ṣe bákan náà. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó mì ín létí. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣí ẹ̀rọ omi láti mọ̀ bóyá ó ń jò, kò rí i. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ rí i. Ìka ìyá rẹ̀ tún padà sí ọrùn ike náà, ó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Aránṣọ náà ti mọ ohun tí ìka yẹn ń wá.

Ní ṣọ́ọ̀bù Màmá níjọ́un, nígbà tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, òwú ni wọ́n fi ń ṣàmì sára aṣọ. Kókó kan, iwájú ni. Kókó méjì, ẹ̀yìn ni. Òfin kan sì wà tí Màmá fi okùn ìwọnṣọ nà án létí ọwọ́ nítorí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: ìwọ kò gbọdọ̀ já òwú tí ẹlòmíràn so, àfi tí o bá mọ ìdí tó fi so ó.

"Ẹ wò ó, Màmá!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Iyọ̀ ni mo fi ṣáájú lápá òsì. Ṣúgà ló tẹ̀ lé e. Tíì ló wà níparí, létí fèrèsé. Kẹ́tùlù wà lórí gáàsì, mo ti pọnmi sí i. Ìṣáná wà lápá ọ̀tún."

"Ṣé o fẹ́ tà á fún wọn ni?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tẹ̀ lé ohùn náà bí ẹni ń di okùn mú kọjá afárá. Ó rí tíì, ó rí ṣúgà. Ó ṣáná, ó na ọwọ́ sí gáàsì, ìka rẹ̀ ń wá ẹ̀kán àbẹ́là. Iná bú sókè, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó yí i wá sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Omi hó. Màmá gbé ife tánganran funfun mẹ́ta kalẹ̀ sórí pátákó funfun, ó gbé kẹ́tùlù, ó sì da omi gbígbóná náà, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ife.

Omi ṣàn dé etí pátákó, ó ń kán sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá. Níbo ni ife wà?"

"Ibí yìí."

Ibi tó nawọ́ sí kò ní nǹkan kan. Omi nìkan ló ń kán.

"Ojú mi ti lọ," ni ìyá náà wí nígbẹ̀yìn. "Ó ti ju ọdún kan lọ. Mò ń rí ìmọ́lẹ̀, mò ń rí òjìji ènìyàn. Ife funfun lórí pátákó dúdú, mo máa ń rí ìyẹn dáadáa. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò lè padà, oògùn ni kí n máa kán sí i kí ìyókù má bàa lọ."

"Oògùn!" Ọkùnrin náà gbá àyà. "Èmi tí mò ń ta oògùn ojú! Níbo lẹ ti ń rà á?"

"Lọ́dọ̀ ẹlòmíì ni, ọkọ mi. Ká ní mo rà á lọ́wọ́ rẹ, ṣé ìwọ á jẹ́ kí n sùn nílé mi lọ́jọ́ yẹn?"

Ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Màmá. Ẹrù yín ṣì wà nínú mọ́tò."

Ohun tó wá ba Ọwọ́-ò-dilẹ̀ nínú jẹ́ jù ni pé ìyá rẹ̀ kò jà. Ó kàn béèrè ibi tí báàgì òun wà. Obìnrin tó máa ń bá gbogbo ayé jà lórí ilé ìdáná kan! Aránṣọ náà wo funfun tó yí wọn ká, ó sì kórìíra gbogbo rẹ̀, àtògiri, àtilẹ̀kùn, àti ọwọ́ tó kùn ún. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí. Orí tirẹ̀ kò tilẹ̀ pá, ìyá rẹ̀ ló jẹ ìyà oore náà.

Ó sáré jáde sẹ́yìn ilé. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbé àpò ìdọ̀tí wọlé, ó sì dà á sílẹ̀ gbàà sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó kúnlẹ̀ sáàárín rẹ̀, ó ń tú u bí adìẹ.

"Màmá, kókó kan, iyọ̀ ni, àbí?"

Màmá yí ojú padà. "O ṣì rí wọn?"

"Mo rí wọn. Kókó kan?"

"Iyọ̀. Méjì, ṣúgà. Mẹ́ta, tíì."

"Ìrẹsì ńkọ́?"

"Ìrẹsì ò ní. Ta ló máa fọwọ́ kan ìrẹsì tí kò ní í mọ̀ ọ́n?"

Ọwọ́-ò-dilẹ̀ so òwú ẹlẹ́gbin náà padà mọ́ ọrùn àwọn ike tuntun. Ó tan àbẹ́là, ó kán an sí ibi tó ti ha á kúrò. Ó fa àkékù aṣọ dúdú kan yọ nínú báàgì rẹ̀, èyí tó kù lára ṣòkòtò oníbàárà kan, ó nu omi orí pátákó, ó tẹ́ aṣọ náà sí i, ó gbé ife funfun kan lé e lórí. Kò sọ ibi tó gbé e sí.

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó na ọwọ́, ó sì gbé ife náà ní etí.

"Ìyẹn dáa ju pátákó lọ pàápàá," ló wí.

Ó po tíì náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ṣe tán láti gba nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó já bọ́. Ó gba ife tirẹ̀, ó wò ó bí ó ṣe máa ń wo àkọlé oògùn, ó tọ́ ọ wò.

"Ṣúgà ni," ló wí. "Kì í ṣe iyọ̀." Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Ó dáa. Òwú lè sọ ṣúgà fún Màmá. Ta ló máa sọ fún wa lọ́jọ́ tí Màmá bá ṣubú?"

Ìbéèrè gidi ni, Ọwọ́-ò-dilẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Èmi ni. Ṣebí ojoojúmọ́ ni mò ń wá síbí."

Màmá rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí adùn nínú ẹ̀rín náà.

"O máa ń wá. O ń gbálẹ̀, o ń fọ abọ́, o ń fa òwú lára aṣọ mi, o sì ń lọ. Ọjọ́ wo lo jókòó? Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ọwọ́-ò-dilẹ̀. Ìwọ ò tíì wo ojú mi láti ọdún tó kọjá. Ká ní o bá mi jókòó jẹun lẹ́ẹ̀kan péré, wàá ti rí i pé ọwọ́ ni mo fi ń wá abọ́. Gbogbo ìgbà tí o bá wọlé, mo máa ń sọ fún ara mi pé òní ló máa rí i. Ẹ̀rù máa ń bà mí kí o má rí i, ẹ̀rù sì máa ń bà mí kí o rí i."

Aránṣọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ kó ìdọ̀tí ilẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó ti ń wo àwọn méjèèjì fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí mo ṣe rí i. Kó máa wá lálaalẹ́. Kó jókòó, kó bá yín jẹun, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ ó fi jẹun tán. Kó máa wo yín. Bó bá lè ṣe é, mò ń gbé ẹrù yín wọlé. Bí kò bá lè ṣe é, kó sọ ọ́ báyìí."

Ká ní ó ní kó ru òkúta lọ sórí òkè ni, ìyẹn ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ wo ìdọ̀tí ilẹ̀. Ó wo omi tó kù létí pátákó. Ó fa àga kan, ó sì jókòó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró díẹ̀ kó rí i bóyá yóò dìde. Nígbà tí kò dìde, ó jáde lọ sídìí mọ́tò.

Màmá jókòó sí òdì kejì tábìlì. Ó ti mú ike kan, ó ń tú òwú tí ọmọ rẹ̀ so, ó ń tún un so bó ṣe fẹ́. Ó ń pẹ́. Òwú náà bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ń yún un láti gbà á. Ó rí ibi tí ọ̀dà ti ṣàn tó sì dì lẹ́sẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí kọ́tìnì tí ó gùn ju ìkejì lọ. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń jó fúnra rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ," ni Màmá wí láìgbójú sókè.

Ó fi ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ojú náà mọ́ kedere bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó lẹ́wà, kò sì wò ó. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ díẹ̀, ó ń wo ibi tí ògiri funfun wà. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọ́ ẹrù bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá rọra gbé àga rẹ̀ sún sí ẹ̀gbẹ́, títí ó fi dé ibi tí ojú náà ń wò.